Ilé Mẹ́ta Tí A Fi Eegun Kọ́

Lọ́jọ́ Iléyá, bí àwọn ọkùnrin ilé wa bá ti kun àgbò tán, èmi kì í du itan, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni fa igẹ̀. Ọrùn ni mo máa ń bèèrè, pẹ̀lú orí àti ìhà ẹ̀gbẹ́ kan. Màá sì kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi àdá gé ọrùn náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn ọmọ ọmọ mi ti mọ̀ pé kì í ṣe torí ọbẹ̀ nìkan. Nígbà tí a bá jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, màá fọ àwọn eegun náà, màá tò wọ́n sórí ẹní lẹ́yìnkùlé, màá ní kí wọ́n kà wọ́n fún mi. Eegun ọrùn àgbò jẹ́ méje. Wọn á tún un kà, méje náà ni. Nígbà náà ni màá fi ọwọ́ pa ọrùn ọmọ tó sún mọ́ mi jù, màá sọ fún un pé méje ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú, méje ni tèmi, méje sì ni ti àgùnfọn tí ọrùn rẹ̀ nìkan gùn tó ọkùnrin tó nàró. Eegun tirẹ̀ kò pọ̀ ju tiwa lọ. Ó kàn gùn ni. Ìhà ni a ti yà kúrò lọ́dọ̀ ara wa: àgbò sábà máa ń ní mẹ́tàlá lọ́tùn-ún, mẹ́tàlá lósì; ọmọ ènìyàn ní méjìlá, méjìlá.

Ọdún 34 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tó dá léegun. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ àwọn tí mo tọ́jú níbẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ sún mọ́ mi lónìí.

Eegun 206 ló wà lára àgbàlagbà. Nínú wọn, 126 jẹ́ ti apá, ẹsẹ̀, èjìká àti ìbàdí. Àwọn wọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ ara, wọ́n ń rìn, wọ́n ń gbé, wọ́n ń dì mú. Bí itan bá dá, a ó fi irin sí i, yóò jinná. Mo mọ ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ méjèèjì tó ṣì ń fi iṣẹ́ télọ̀ bọ́ ọmọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n 80 tó kù, àwọn tó tò láti àtàrí dé ìdí, iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀. Ilé ni wọ́n. Agbárí ni ilé ọpọlọ. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni ilé okùn tí ọpọlọ fi ń rán ara níṣẹ́. Ìhà ni ilé ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Bí ògiri bá là, a lè rẹ́ ẹ. Onílé tó wà nínú rẹ̀ ló ni gbogbo wàhálà náà. Ọpọlọ tó bá kú kò ní ààrọ̀, okùn ọ̀pá ẹ̀yìn tó bá sì já, kò tíì sí ọwọ́ tó lè so ó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

A máa ń fi agbárí wé igbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe igbá kan ṣoṣo. Eegun 22 ni. Mẹ́jọ tò yí ọpọlọ ká, mẹ́rìnlá ló ya ojú. Ibi tí wọ́n ti pàdé rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn méjì tí a kì bọ inú ara wọn. Nínú gbogbo wọn, ẹyọ kan péré ló ń mì, ìyẹn eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tí a fi ń jẹun, tí a fi ń sọ̀rọ̀. Ihò ńlá kan wà ní ìsàlẹ̀ agbárí tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn gbà jáde. Ẹ yẹ orí àgbò wò, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn ni ihò tirẹ̀ kọjú sí, torí pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn. Tiwa wà nísàlẹ̀ gan-an, kí orí lè jókòó sórí ọrùn bí igbá ṣe ń jókòó sórí òṣùká. Ibi ihò yẹn nìkan ti tó láti mọ ẹranko tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ méjì.

Nígbà tí a bí yín, ilé yìí kò tíì padé. Ẹ̀yin tó ti bímọ ti fọwọ́ kan ibi rírọ̀ tó ń mí hélehèle lórí ọmọ tuntun, ibi tí à ń pè ní àwùjẹ̀. Kì í ṣe àbùkù. Àwọn eegun orí ọmọ kò tíì so pọ̀ kí wọ́n lè sún gun ara wọn díẹ̀ nígbà tí orí bá ń gba inú eegun ìbàdí ìyá rẹ̀ kọjá, kí àyè sì wà fún ọpọlọ láti dàgbà. Èyí tó wà lẹ́yìn orí máa ń padé ní nǹkan bí oṣù méjì. Èyí tó wà níwájú sábà máa ń padé láàárín oṣù 12 sí oṣù 18. Bí ó bá ń lù kìkì nígbà tí ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ má fòyà, ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n fèrèsé ni àwùjẹ̀ náà jẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé máa ń hàn níbẹ̀. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wá jìn wọlé, omi ara rẹ̀ ló ti ń tán. Mo ti rí ìyá tó ń fi àgbo àti òrí kun àwùjẹ̀ tó jìn fún ọjọ́ méjì kó lè gòkè padà. Kò lè gòkè láti ìta. Omi ni ọmọ náà ń béèrè. Ẹ fún un ní ọmú léraléra, ẹ po ORS inú sáṣẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni àwùjẹ̀ wú sókè tó le, tí ara ọmọ sì ń gbóná, tí kò fẹ́ mu ọmú, ó lè jẹ́ àrùn inú awọ tó bo ọpọlọ. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbé e lọ, kódà bí ó jẹ́ òru.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wẹ ọmọ ní ìlànà ìyá àgbà, mo mọ bí ó ṣe ń dùn mọ́ni, èmi náà wẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ mi. Kí ẹ fi òrí ra ara ọmọ, kí ẹ na apá rẹ̀, kí ẹ fà á lẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́, kò burú. Ohun tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ ni títẹ orí mọ́lẹ̀ kó lè rí róbótó, àti jíju ọmọ sókè, àti mímì í jìgìjìgì nígbà tó bá ń sunkún. Orí rẹ̀ wúwo, ọrùn rẹ̀ kò tíì le. Bí ẹ bá mì í, ọpọlọ á máa gbá mọ́ ògiri ilé ara rẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó rọ̀ bí òwú yóò sì já. A kò ní rí ọgbẹ́ kankan lóde.

Àgbàlagbà náà ní ibi tí ògiri ti fẹ́lẹ́. Ẹ fi ìka sí ẹ̀bátí yín, láàárín ojú àti etí. Ibẹ̀ ni eegun ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tí bọ́ọ̀lù, ìkúùkù tàbí kọnkéré bá gbá níbẹ̀ lè dákú díẹ̀, kó dìde, kó gbọn aṣọ rẹ̀, kó ní ara òun le. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Ẹ̀jẹ̀ ló ń kóra jọ sáàárín eegun àti awọ ọpọlọ, ilé tí kò ní àyè ìfẹ̀sí sì ni agbárí. Mo ti rí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó rẹ́rìn-ín wọ ọkọ̀ láti pápá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn kó lè sinmi. Kò jí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí orí rẹ̀ bá gbá nǹkan tó sì dákú, kódà fún ìṣẹ́jú kan, ilé ìwòsàn ni ibi rẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Bí ó bá ń bì léraléra, bí orí fífọ́ rẹ̀ bá ń le sí i, bí ọmọlójú kan bá fẹ̀ ju èkejì, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá já geere mọ́, ẹ sáré.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà ńkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gun ẹ̀yìn wọn? Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú òfin àṣíborí ṣẹ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn kan ní Nàìjíríà de igbá mọ́rí, àwọn mìíràn de ike ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò lè rẹ́rìn-ín, torí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé wọn wá. Kì í ṣe líle àṣíborí nìkan ló ń gba ènìyàn là. Fóòmù inú rẹ̀ ni: ó máa ń rún mọ́lẹ̀, ó sì ń jẹ agbára ìkọlù náà kó tó dé eegun. Igbá kò ní fóòmù, fífọ́ ló máa fọ́ sí yín lórí. Àṣíborí tí a kò so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n náà yóò fò lọ kí orí tó délẹ̀. Èyí tó bá sì ti gbá ilẹ̀ rí, fóòmù rẹ̀ ti ná agbára rẹ̀ tán. Ẹ rà tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa agbárí tí n kò lè fò. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Abẹ́òkúta níbi tí wọ́n ti ń sun orí ọmọbìnrin kan nínú ìkòkò, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe oògùn owó. Ọmọ ogún ọdún àti àwọn tí kò tíì pé ogún ni wọ́n. Ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ó sì tún ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pé wọ́n ká agbárí mọ́ ọmọdé lọ́wọ́. Èmi ti gbé agbárí lọ́wọ́ léraléra, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wa níṣẹ́. Mo mọ ohun tó wà lára rẹ̀: kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ohun kan náà tó wà lára eegun àgbò tí ẹ ń jù fún ajá. Orí tí àwọn baba wa ń bọ, orí inú ni, wọn kò fi eegun pè é. Ohun tó lè mú owó wọlé wà nínú agbárí nígbà tí ẹni tó ni ín wà láàyè: ọpọlọ tí kò wúwo tó kílógíráàmù kan ààbọ̀, òun ló ń ṣe ìṣirò, òun ló ń kọ́ṣẹ́, òun ló ń ta, òun ló ń rà. Ẹni tó pa ọmọ ènìyàn nítorí agbárí ti da omi nù tán kó tó gbé akèǹgbè. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rẹ́ yín tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má dákẹ́, ẹ má sì rò pé àwàdà ni.

Láti abẹ́ agbárí ni ọ̀pá ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. Eegun kìíní ọrùn rí bí òrùka, òun ni orí jókòó lé tí a fi ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì ní ìwo kan tó yọ sókè bọ inú òrùka náà, òun la fi ń yí orí pé rárá. Méje ọrùn, méjìlá ẹ̀yìn tí ìhà so mọ́, márùn-ún ìbàdí: mẹ́rìnlélógún tó dá dúró. Lábẹ́ wọn, márùn-ún ti lẹ̀ di ọ̀kan, mẹ́rin kéékèèké ìdí sì lẹ̀ di ọ̀kan pẹ̀lú. Láàárín ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá dúró, tìmùtìmù rírọ̀ wà tó kún fún omi. Lójúmọ́, ìwúwo ara á máa tẹ omi inú tìmùtìmù náà jáde. Lóru, yóò fà á padà. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi máa ń ga díẹ̀ láàárọ̀ ju bó ṣe ga lálẹ́. Sẹ̀ǹtímítà kan, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ara yín wò.

Okùn tó gba àárín wọn kọjá kò nípọn ju ọmọńdinrín ọwọ́ lọ, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45. Kò dé ìdí. Ó parí síbi eegun ìbàdí kìíní tàbí ìkejì, àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù ẹṣin ló ń bá ọ̀nà lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mú èyí sọ́kàn, torí mo ti rí bàbá tó fi ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n má baà gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Ọmọ náà ní ibà, ọrùn rẹ̀ ti gan, dókítà sì fẹ́ yọ omi ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bàbá ní wọ́n fẹ́ rọ òun lọ́mọ. Abẹ́rẹ́ náà ń wọlé lábẹ́ ibi tí okùn parí sí, nínú omi ló ti ń wá ohun tó ń wá. Àkókò tó fi ń jà ló dí ọmọ náà létí: ó yè, àmọ́ kò lè gbọ́ràn mọ́.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 mọ́ àyà, ẹ ó rí i pé kò wúwo. Ẹ wá na apá yín gbọọrọ kí ẹ gbé e síwájú. Ìṣẹ́jú méjì kò ní í pé tí èjìká yín á máa gbọ̀n. Orí ènìyàn wúwo tó nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì yẹn. Nígbà tó bá jókòó gangan sórí ọrùn, eegun ló ń rù ú. Nígbà tí ẹ bá tẹrí sí fóònù láti ìrọ̀lẹ́ di ọ̀gànjọ́, ẹran ẹ̀yìn ọrùn ló ń fà á kó má ṣubú. Ẹ gbé fóònù sókè dé ojú. Ẹ dìde rìn káàkiri.

Ti ẹrù rírù, n kò ní bá yín sọ pé rírù lórí burú. Ní 1986, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn obìnrin Lúò àti Kíkúyù ní Kẹ́ńyà lè ru ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìjẹ́ pé agbára tí wọ́n ń ná pọ̀ sí i. Orí tó dúró gangan lórí ọ̀pá ẹ̀yìn tó dúró gangan, òpó tó dára ni. Níbi gbígbé e kúrò nílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹ ò rí i bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe? Wọn kì í dá ẹrù gbé. Wọn á pe ẹni tó ń kọjá, wọn á ní kó gbé e ru àwọn. Bí wọ́n bá délé, wọn á ní kí ẹnì kan wá sọ àwọn. Ẹ̀yin ọmọkùnrin tó ń já sìmẹ́ǹtì, àpò kan jẹ́ kílógíráàmù 50, ẹ sì ń gbé méjì lẹ́ẹ̀kan torí owó. Ẹ ń tẹ̀ ba láti ìbàdí, ẹ ń gbé e, ẹ tún ń yí ara lẹ́sẹ̀ kan náà. Yíyí yẹn ló ń ya tìmùtìmù, tí ohun rírọ̀ inú rẹ̀ á yọ jáde tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Ẹ ká eékún kò, ẹ fa ẹrù mọ́ ara, ẹ fi ẹsẹ̀ yí dípò ìbàdí, kí ẹ sì gbé ẹyọ kan. Bí ẹ̀yìn bá ń ro yín tí ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri, tàbí tí ẹ kò mọ ìgbà tí ìtọ̀ ń jáde mọ́, kí ẹnikẹ́ni má gun yín lẹ́yìn, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi òróró fà á. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn.

Abuké. Nílé Yorùbá, ẹni Òrìṣà ni, Ọbàtálá ló ni ín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Mo fara mọ́ ọ̀wọ̀ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé gbogbo iké kọ́ ni a bí mọ́ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í jẹ ẹ̀dọ̀fóró nìkan, ó máa ń wọ eegun ẹ̀yìn, á jẹ ẹ́ títí yóò fi wó síwájú, ẹ̀yìn á sì yọ gónńgó. Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ní 1779, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àrùn náà mọ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́: ẹ̀yìn ríro tí kò lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, òógùn òru, ara tó ń rù. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, oògùn wà, ọ̀fẹ́ sì ni ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Nàìjíríà. Ọmọ tí ẹ̀yìn ń ro tí wọ́n ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, ẹ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ti ìhà kò gùn púpọ̀. Méje àkọ́kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi eegun rírọ̀, irú èyí tó wà ní imú, so mọ́ eegun igẹ̀ níwájú; mẹ́ta tó tẹ̀ lé e rọ̀ mọ́ èyí tó wà lókè wọn; méjì tó kẹ́yìn kò so mọ́ ohunkóhun níwájú. Rírọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ilé yìí lè fẹ̀ kó sì sún kì nígbà tí a bá ń mí, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejìlá ní ìṣẹ́jú kan, ó lé ní 17,000 lójúmọ́. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé ìhà ọkùnrin dín ẹyọ kan. Rárá. Mo ti ka ìhà lórí àwòrán X-ray tó pọ̀ ju irun orí mi lọ. Méjìlá-méjìlá ni, lọ́kùnrin lóbìnrin. N kò bá ìtàn Ádámù jà: ọmọ ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ náà ń fi ẹsẹ̀ méjì wáyé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Brussels, Andreas Vesalius, ti tẹ èyí sínú ìwé ńlá rẹ̀ ní 1543, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kó tó dìgbà náà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn oníṣègùn Yúróòpù ti ń gba ọ̀rọ̀ Galen gbọ́, ẹni tí ọ̀bọ àti àwọn ẹranko mìíràn ni ó ń là wò. Vesalius la ènìyàn fúnra rẹ̀, ó sì ka ohun tó rí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ jẹ́.

Bí ìhà bá sán, ẹ má fi ọ̀já dì í gbagidi bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò lè mí délẹ̀, omi á kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Oògùn ìrora ni kí ó lò kó lè máa mí dáadáa. Bí ẹnì kan bá sì ṣubú lójijì, tí kò dáhùn, tí kò mí, ilé yìí kan náà ni ọ̀nà tí ẹ lè gbà dé ọkàn rẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjì lé ara wọn sí àárín igẹ̀, ẹ na apá gangan, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ọgọ́rùn-ún sí ọgọ́fà ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ jẹ́ kó padà sókè lẹ́yìn títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìhà lè dún pà. Ẹ má dúró torí ìyẹn.

Ohun tó mú mi sọ gbogbo èyí wà ní òpópónà Ìbàdàn sí Èkó. Ọmọkùnrin kan, bíríkìlà, ẹni ọdún 22, wà nínú bọ́ọ̀sì tó dojú dé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lórí ibùsùn. Ó ní òun ń jẹ́ ìpè nígbà tí àwọn ènìyàn dé, òun sì ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun, ọrùn nìkan ló ń ro òun. Wọ́n ṣàánú rẹ̀. Wọ́n mú un ní apá méjèèjì, wọ́n fà á gba ojú fèrèsé, orí rẹ̀ ń fì. Wọ́n ká a kò sí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò kékeré kan, eékún rẹ̀ kan àgbọ̀n, wọ́n sì fi eré gbé e wá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò mọ ohunkóhun láti ọmú sísàlẹ̀. Ẹni tó wa mọ́tò náà ń wá kí i lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, ó ń ra ọsàn wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Èmi náà kò sọ. Ènìyàn rere ni, kò kàn sí ẹni tó kọ́ ọ rí ni.

Mo ń kọ́ ẹ̀yin báyìí. Bí ẹ bá dé ibi ìjàǹbá, ẹ má fa ẹnikẹ́ni jáde àfi bí iná, omi tàbí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá fẹ́ pa á. Ẹ kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ orí náà mú bí ẹ ṣe bá a, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ ní kó má yí ọrùn. Ẹ má fún un lómi. Bí ó bá dé àṣíborí tó sì ń mí, ẹ fi sílẹ̀ lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ aláìsàn lè pẹ́ kó tó dé, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ wá. Bí ó bá di dandan kí ẹ gbé e, ẹ wá pákó tàbí ilẹ̀kùn. Ènìyàn mẹ́rin ó kéré tán: ẹnì kan di orí mú, òun ni yóò sì máa pàṣẹ, àwọn tó kù á di èjìká, ìbàdí àti ẹsẹ̀ mú, wọn á yí gbogbo ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ìtì igi sórí pákó náà, kí imú, ìdodo àti àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lójú ìlà kan. Ọkọ̀ tó láyè láti tẹ́ ẹ gbalaja ni kí ẹ fi gbé e, bó jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Kí awakọ̀ rọra.

Ẹ kọ nọ́ńbà méjì yìí sínú fóònù yín kí ẹ tó dìde níwájú mi: 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 112 sì ni ti pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Wọn kì í gba owó lórí ìpè náà.